Líìgì Tí Kò Ní Pápá: Bí A Ṣe Ń Darí Básíkẹ́ẹ̀tì Yunifásítì fún Àwọn Kóòṣì Orí Íntánẹ́ẹ̀tì

Ní oṣù Kọkànlá ọdọọdún, yunifásítì tó lé ní 350 ní Amẹ́ríkà a bẹ̀rẹ̀ ìdíje bọ́ọ̀lù alájùsáwọ̀n, ìyẹn básíkẹ́ẹ̀tì, wọn kì í sì í sinmi títí di ìbẹ̀rẹ̀ oṣù Kẹrin tí wọ́n máa mọ ẹni tó gba ife ẹ̀yẹ. Ìdíje mìíràn wà tó fojú jọ èyí, àmọ́ kò ní pápá, kò sì ní bọ́ọ̀lù. Inú kọ̀ǹpútà ni wọ́n ti ń gbá a. Kò sí ìkankan nínú àwọn agbábọ́ọ̀lù rẹ̀ tí ìyá bí: gémù ló fún wọn lórúkọ, tó fún wọn ní gíga àti ẹ̀bùn. Àwọn kóòṣì nìkan ni èèyàn ẹlẹ́ran ara. Ọ̀kan lè wà ní Ìbàdàn, èkejì ní Houston, ẹ̀kẹta ní London. Kálukú ló ní yunifásítì tó ń darí, tó ń wá ọmọ tuntun fún, tó sì ń yan ẹni tó máa bẹ̀rẹ̀ eré àti ẹni tó máa jókòó.

Ẹnìkan ló gbọ́dọ̀ di gbogbo rẹ̀ mú, òun là ń pè ní alákòóso líìgì. Ọ̀pọ̀ èèyàn rò pé gémù tó dára ni olórí ohun tí alákòóso nílò. Gémù ṣe pàtàkì lóòótọ́, àmọ́ kì í ṣe òun ló ń mú kóòṣì padà wá ní sáà kejì. Ohun tó ń mú un padà ni ìdánilójú pé làákàyè òun àti oríire nìkan ló pinnu bóyá òun borí tàbí òun fìdí rẹmi, pé ẹnikẹ́ni kò tọwọ́ bọ̀ ọ́. Iṣẹ́ alákòóso kò yàtọ̀ sí ti alájọ: ohun ìní àwọn ẹlòmíràn ló wà níkàáwọ́ rẹ̀, ọjọ́ tí wọ́n bá sì fura sí ìwé rẹ̀ ni àjọ tú. Gbogbo òfin tí mo fẹ́ ṣàlàyé níhìn-ín, orí èyí ló dúró lé.

Ibi tí eré náà ti ṣẹ̀ wá

Káàdì àti dáìsì ni wọ́n fi bẹ̀rẹ̀. Ní 1951 ni APBA gbé eré béèsìbọ́ọ̀lù rẹ̀ jáde, Hal Richman sì gbé Strat-O-Matic jáde ní 1961. Káàdì kọ̀ọ̀kan dúró fún agbábọ́ọ̀lù kan, àwọn nọ́ńbà ara rẹ̀ sì bá ohun tí ẹni náà ṣe lórí pápá mu. O ju dáìsì, o wo káàdì, o kọ èsì sílẹ̀. Ìlànà yìí náà ni kọ̀ǹpútà ń tẹ̀ lé títí dòní: ẹ̀bùn agbábọ́ọ̀lù ló ń sọ bí nǹkan ṣe ṣeé ṣe tó, nọ́ńbà tí ẹnikẹ́ni kò lè mọ̀ tẹ́lẹ̀ ló sì ń sọ bóyá ó ṣẹlẹ̀.

Lónìí, ọ̀nà méjì ni àwọn kóòṣì ń gbà kópa. Nínú Hoops Dynasty ti WhatIfSports, ilé iṣẹ́ náà ló ń gbá gbogbo eré lórí kọ̀ǹpútà tirẹ̀. Nínú Draft Day Sports: College Basketball, tí Wolverine Studios ṣe, àwọn kóòṣì lè dá líìgì tiwọn sílẹ̀, kí fáìlì rẹ̀ wà lọ́wọ́ ẹnìkan nínú wọn. Ọ̀nà kejì yìí ló bí alákòóso, òun sì ni mo ń sọ̀rọ̀ rẹ̀.

Kí ló dé tí wọ́n fi ń lo agbábọ́ọ̀lù tí kò sí láyé? Ìdí kan ni pé ọmọ ilé ẹ̀kọ́ gidi kì í ṣe ọjà tí ẹnikẹ́ni lè kó sínú gémù láìgba àṣẹ. Ed O'Bannon, agbábọ́ọ̀lù tó gba ife ẹ̀yẹ pẹ̀lú yunifásítì UCLA ní 1995, rí ara rẹ̀ nínú gémù fídíò kan: gíga rẹ̀, àwọ̀ rẹ̀ àti nọ́ńbà aṣọ rẹ̀ pé síbẹ̀, orúkọ rẹ̀ nìkan ló kù, kọ́bọ̀ kò sì wọ àpò rẹ̀. Ó pe NCAA, àjọ tó ń ṣàkóso eré ìdárayá yunifásítì, lẹ́jọ́ ní 2009, Adájọ́ Claudia Wilken sì dá a láre ní 2014. Ìdí kejì tilẹ̀ wu kóòṣì ju ti àkọ́kọ́ lọ. Bí ó bá jẹ́ pé inú gémù ni wọ́n bí gbogbo ọmọ, kò sí ẹni tó lè lọ wo ìwé ìròyìn kó fi mọ ẹni tó máa di ìràwọ̀. Ojú kan náà ni gbogbo kóòṣì ti ń bẹ̀rẹ̀.

Ohun tó ń ṣẹlẹ̀ nínú ẹ̀rọ

Alákòóso tí kò mọ bí gémù ṣe ń ronú kò ní lè dá ẹni tó bá bínú lóhùn. Ẹ jẹ́ ká fara balẹ̀ wo ìkọlù kan ṣoṣo. Bọ́ọ̀lù bọ́ sí wa lọ́wọ́, a sì ní ìṣẹ́jú àáyá 30 láti jù ú sáwọ̀n, gẹ́gẹ́ bí òfin básíkẹ́ẹ̀tì ọkùnrin ní yunifásítì láti sáà 2015-16. Ẹ̀rọ kọ́kọ́ bèèrè pé ta ló gbé bọ́ọ̀lù wá. Ó fi ọgbọ́n ọwọ́ ẹni náà wé ti ẹni tó ń dè é, ó sì mú nọ́ńbà kan láti mọ̀ bóyá wọ́n gbà á lọ́wọ́ rẹ̀. Wọn ò gbà á. Ó wá bèèrè pé ta ló máa jù ú. Ìlànà tí kóòṣì kọ sílẹ̀ wọlé níbí: ó ní kí wọ́n máa wá àyè fún ọmọ tó mọ àjùsí olójú-àmì mẹ́ta. Ọmọ náà a máa jù ú wọlé nígbà 36 nínú 100, àmọ́ ẹni tó ń dè é ga, ó sì sún mọ́ ọn, ni ìṣirò bá wálẹ̀ di 31. Ẹ̀rọ mú nọ́ńbà kan láàárín 1 sí 100, ó mú 34. Kò wọlé. Ká ní alátakò ò dè é dáadáa ni, 34 yìí kan náà ì bá ti di àmì mẹ́ta. Ó ku ẹni tó máa gba bọ́ọ̀lù tó ta padà. Àwọn tó ń dènà sábà máa ń gbà á ní nǹkan bí ìgbà 70 nínú 100, àmọ́ bí tiwa bá lágbára lábẹ́ àwọ̀n, ìṣirò yóò tún yí.

Nǹkan bí ìkọlù 70 ni ẹgbẹ́ kọ̀ọ̀kan ń ní nínú eré kan. Nítorí náà, eré kan jẹ́ àkójọ ọgọ́rọ̀ọ̀rún nọ́ńbà bẹ́ẹ̀, kóòṣì tó mọṣẹ́ sì ń fi ìpinnu kéékèèké yí ìṣirò díẹ̀díẹ̀ sọ́dọ̀ ara rẹ̀. Dean Oliver, tó kọ ìwé *Basketball on Paper*, to ohun mẹ́rin tó ń mú ẹgbẹ́ borí lẹ́sẹẹsẹ: jíjù bọ́ọ̀lù wọlé ló gba 40 nínú 100, ṣíṣọ́ bọ́ọ̀lù kó má bàa bọ́ gba 25, gbígba èyí tó ta padà gba 20, àǹfààní jíjù ọ̀fẹ́ sì gba 15. Kóòṣì tuntun tó bá ní òye mẹ́rin yìí kò ní máa fi gbogbo agbára rẹ̀ wá ẹni tó ga nìkan.

Kí alákòóso tó pe ẹnikẹ́ni, kó gbá odindi sáà kan tàbí méjì fúnra rẹ̀ láìsí kóòṣì kankan, kó wá fi àpapọ̀ èsì wé ti yunifásítì gidi. Ní ti àwọn ọkùnrin, àjùsí olójú-àmì mẹ́ta ń wọlé ní nǹkan bí ìgbà 34 nínú 100, jíjù ọ̀fẹ́ sì ń wọlé ní bíi 70 àti díẹ̀. Bí ti gémù bá jẹ́ 45 fún olójú-àmì mẹ́ta, gbogbo kóòṣì ló máa rí i kíá, wọn ò sì ní ṣe ohun mìíràn mọ́ ju kí wọ́n máa jù láti òkèèrè. Ìsinsìnyí ló yẹ kó tún un ṣe. Bí sáà bá ti bẹ̀rẹ̀, ẹni tí àtúnṣe bá ṣe léṣe máa sọ pé òun ni wọ́n dójú lé, ẹnu rẹ̀ ò sì ní ṣeé dí.

Ọ̀sẹ̀ kan nínú líìgì

Iṣẹ́ ọ̀sẹ̀ kò lọ́jú pọ̀. Alákòóso gbé fáìlì tuntun síbi tí gbogbo kóòṣì ti lè gbà á. Kóòṣì kọ̀ọ̀kan ṣí i, ó wo alátakò rẹ̀, ó to àwọn tó máa wọlé àti iye ìṣẹ́jú tí wọ́n máa lò, ó yan bóyá kí wọ́n máa sáré tàbí kí wọ́n máa fà á, ó sì fi fáìlì ẹgbẹ́ tirẹ̀ ránṣẹ́ padà. Bí gbèdéke bá kọjá, alákòóso kó gbogbo rẹ̀ pọ̀, ó gbá eré ọ̀sẹ̀ náà, ó sì kéde èsì.

Ọ̀rọ̀ gbèdéke gba àròjinlẹ̀. Agogo mẹ́jọ alẹ́ Sunday ní New York ni agogo méjì òru Monday ní Èkó nígbà òtútù wọn. Ní Sunday kejì oṣù Kẹta, Amẹ́ríkà á sún agogo síwájú ní wákàtí kan. Nàìjíríà kì í sún tirẹ̀, Gẹ̀ẹ́sì sì di ìparí oṣù náà kó tó sún. Gbèdéke tí ará Èkó mọ̀ sí agogo méjì di agogo kan, ti ará London di ọ̀gànjọ́ òru, kóòṣì tó sì ti ń fi fáìlì rẹ̀ ránṣẹ́ lásìkò látìbẹ̀rẹ̀ sáà á wá pẹ́ láìmọ̀. Oògùn rẹ̀ ni kí wọ́n fi aago GMT kọ gbèdéke, kó má sì yí padà láti ìbẹ̀rẹ̀ sáà dé òpin. Bí fáìlì ẹnìkan bá fi ìṣẹ́jú mẹ́ta pẹ́, ètò ọ̀sẹ̀ tó kọjá ni kí wọ́n lò fún un, ìbáà jẹ́ ọ̀rẹ́ alákòóso tàbí ẹni tó dé lánàá. Ojú rere tí a bá ṣe fún ẹnìkan ní ìkọ̀kọ̀, ìrẹ́jẹ ni fún alátakò rẹ̀.

Nínú gbogbo òfin, ọ̀kan wà tí kò gbọdọ̀ yẹ̀: ẹ̀ẹ̀kan ṣoṣo ni kí wọ́n gbá eré. Nítorí pé nọ́ńbà ń yí nígbàkígbà tí ẹ̀rọ bá mú un, ẹni tó bá tún eré kan náà gbá lẹ́ẹ̀mejì lè rí èsì méjì, kó sì yan èyí tó wù ú. Èyí ni ìdánwò tó ń pa líìgì. Ọ̀nà àbáyọ rẹ̀ ni pé kí alákòóso tọ́jú ẹ̀dà fáìlì kó tó bẹ̀rẹ̀, kó fi ẹ̀dà yẹn ránṣẹ́ sí igbákejì rẹ̀, kó sì jẹ́ kí àwọn kóòṣì máa wò ó lójú ẹsẹ̀ bó ṣe ń gbá a bó bá ṣeé ṣe. Bí iná bá lọ tàbí bí kọ̀ǹpútà bá kú láàárín eré, kó kéde rẹ̀ kó tó wo èsì kankan, kó padà sí ẹ̀dà àkọ́kọ́, kó sì tún ti gbogbo ẹgbẹ́ gbá látòkèdélẹ̀. Òfin yìí gbọ́dọ̀ ti wà nínú ìwé kí ìṣòro tó dé. Òfin tí wọ́n bá ṣe lẹ́yìn tí ẹnìkan ti fìdí rẹmi, ojú ẹni tó ń gbèjà ẹnìkan ni wọ́n á fi wo ẹni tó ṣe é.

Ibi tí ogun ti gbóná jù

Wíwá ọmọ tuntun ni kókó básíkẹ́ẹ̀tì yunifásítì, nítorí pé àwọn ọmọ kì í pẹ́. Ọdún mẹ́rin ni wọ́n sábà máa ń lò, kí wọ́n tó lọ. Fún ọ̀pọ̀ ọdún, àyè ẹ̀kọ́-ọ̀fẹ́ 13 ni NCAA fún ẹgbẹ́ ọkùnrin kọ̀ọ̀kan, kí òfin tó yí ní sáà 2025-26. Bí àyè kò ṣe pọ̀ yìí ló ń mú kóòṣì ronú ọdún mẹ́ta síwájú.

Ká ní ọmọ kan wà ní Ohio, ẹsẹ̀ bàtà mẹ́fà àti íńṣì mẹ́sàn-án ni gíga rẹ̀. Gémù sọ pé ó fẹ́ ilé ẹ̀kọ́ tó sún mọ́ ilé, ó sì fẹ́ kí wọ́n máa lo òun láti ọdún àkọ́kọ́. Kóòṣì mẹ́ta ń lé e. Èkíní ní yunifásítì olókìkí, àmọ́ ọmọ gíga méjì tó ṣì ní ọdún méjì níwájú wà lọ́wọ́ rẹ̀. Èkejì sún mọ́ Ohio, àyè ọmọ gíga sì ṣófo lọ́dọ̀ rẹ̀, àmọ́ ẹgbẹ́ rẹ̀ kò tíì gba nǹkankan rí. Ẹ̀kẹta jìnnà, àmọ́ ó fẹ́ fi gbogbo agbára ọ̀sẹ̀ rẹ̀ lé ọmọ yìí nìkan. Kóòṣì kọ̀ọ̀kan ní ìwọ̀n agbára tó lè pín láàárín àwọn ọmọ tó ń wá. Bó bá kó gbogbo rẹ̀ lé ẹnìkan tó sì pàdánù rẹ̀, ọwọ́ òfìfo ló máa fi wọ sáà tó ń bọ̀. Bó bá pín in yẹ́lẹyẹ̀lẹ, kò ní rí ẹni gidi kan mú. Kóòṣì kékeré tó bá mọ ohun tí ọmọ fẹ́ lè borí yunifásítì ńlá, ìdùnnú tó ń wá nínú èyí sì ju ti ife ẹ̀yẹ mìíràn lọ.

Ẹ̀bùn tó fara sin tún wà níbẹ̀. Gémù kì í fi gbogbo ohun tí ọmọ máa dà hàn kóòṣì, ó sì tọ́ bẹ́ẹ̀, nítorí pé bó ṣe rí láyé nìyẹn. Hakeem Olajuwon, ọmọ Yorùbá tí wọ́n bí ní Èkó ní 1963, bọ́ọ̀lù aláfẹsẹ̀gbá àti bọ́ọ̀lù ọwọ́ ló ń gbá tẹ́lẹ̀. Ó tó ọmọ ọdún bíi 15 kó tó fọwọ́ kan básíkẹ́ẹ̀tì. Nígbà tó dé Yunifásítì Houston ní 1980, kò gbá ìfigagbága kankan ní ọdún àkọ́kọ́, ìdánrawò ló ń ṣe. Ọdún mẹ́ta tó fi gbá a lẹ́yìn náà, Houston dé ìpele ẹgbẹ́ mẹ́rin tó kẹ́yìn ní gbogbo rẹ̀, òun sì ni ẹni àkọ́kọ́ tí wọ́n mú ní NBA ní 1984. Líìgì tó dára gbọ́dọ̀ ní àyè fún irú ọmọ bẹ́ẹ̀, ẹni tí wọ́n á mú jókòó fún ọdún kan kó lè dàgbà, kí kóòṣì tó ní sùúrù lè jèrè.

Níbi wíwá ọmọ yìí gan-an ni ewu alákòóso pọ̀ sí jù. Ìkọ̀kọ̀ ni kóòṣì kọ̀ọ̀kan ń pín agbára rẹ̀, àmọ́ fáìlì gbogbo wọn ló ń wọ ọ̀dọ̀ alákòóso. Bí òun náà bá ní ẹgbẹ́, ó lè rí ohun tí àwọn yòókù ń ṣe kó tó ṣe tirẹ̀. Ó sàn kó má ní ẹgbẹ́ rárá. Bí líìgì bá kéré débi pé ó pọn dandan kó kópa, kó fi fáìlì tirẹ̀ lé igbákejì lọ́wọ́ ní ọjọ́ kan ṣáájú gbogbo èèyàn, kó má sì lè yí i padà mọ́.

Alákòóso tún gbọ́dọ̀ yan òfin ọdún tó fẹ́ tẹ̀ lé. Ní 2021, NCAA gba ọmọ láàyè láti kúrò ní yunifásítì kan bọ́ sí òmíràn lẹ́ẹ̀kan láìjókòó fún ọdún kan, àwọn ọmọ sì lè gba owó lórí orúkọ àti àwòrán wọn láti oṣù Keje ọdún yẹn. Líìgì tó bá tẹ̀ lé èyí á máa yára yí padà, kóòṣì kékeré á sì máa sunkún ọmọ tó tọ́ dàgbà. Líìgì tó bá dúró sí òfin àtijọ́ á fún ẹni tó ní sùúrù lérè. Kò sí èyí tó burú nínú méjèèjì, bí wọ́n bá ti kọ ọ́ sílẹ̀ kí ẹnikẹ́ni tó forúkọ sílẹ̀.

Ìdíje oṣù Kẹta

Bí eré inú kọ́ńfáráǹsì, ìyẹn ìsọ̀rí àwọn yunifásítì tó ń bára wọn gbá, bá parí, ó kan yíyan àwọn tó máa du ife ẹ̀yẹ. Ẹgbẹ́ 8 péré ni NCAA fi bẹ̀rẹ̀ ní 1939, wọ́n di 64 ní 1985, wọ́n sì di 68 ní 2011. Líìgì kékeré kò nílò ju 8 tàbí 16 lọ. Kí ẹni tó gba kọ́ńfáráǹsì rẹ̀ wọlé tààrà, kí ìgbìmọ̀ yan ìyókù. Ìṣirò RPI, tí NCAA lò láti 1981 kó tó fi NET rọ́pò rẹ̀ ní 2018, ṣì wúlò níbí nítorí pé ẹnikẹ́ni lè fi bírò ṣe é: ìdá mẹ́rin kan fún bí o ṣe borí tó, ìdajì fún bí àwọn alátakò rẹ ṣe borí tó, ìdá mẹ́rin kan fún àwọn alátakò tiwọn. Ẹgbẹ́ tó borí nígbà 70 nínú 100, tí àwọn alátakò rẹ̀ borí nígbà 55, tí tiwọn jẹ́ 50, máa ní 0.575. Ẹgbẹ́ tó borí nígbà 80, àmọ́ tó ń bá àwọn aláìlágbára tí tiwọn jẹ́ 40 àti 48 gbá, máa ní 0.520 péré. Kóòṣì tó bá rí i á mọ̀ pé kò sí èrè nínú sísá fún alágbára. Ní ti ìgbìmọ̀, ẹ jẹ́ ká kọ́ ìwà kan lára NCAA: bí ọ̀rọ̀ bá kan ilé ẹ̀kọ́ ẹnìkan nínú ìgbìmọ̀, ẹni náà á jáde kúrò nínú yàrá.

Ìdíje yìí ni ìgbà tí ẹ̀sùn ń pọ̀ jù. Kóòṣì tó borí láti oṣù Kọkànlá fìdí rẹmi lọ́jọ́ kan, ó sì ní wọ́n ti yí i. Ìṣirò kan wà tó yẹ kí gbogbo kóòṣì mọ̀. Ká ní ẹgbẹ́ kan lágbára débi pé ó lè borí alátakò èyíkéyìí nígbà 90 nínú 100. Láti gba ife nínú ìdíje ẹgbẹ́ 64, ó gbọ́dọ̀ borí lẹ́ẹ̀mẹfà léraléra, èyí sì lè ṣẹlẹ̀ ní nǹkan bí ìgbà 53 péré nínú 100. Nígbà 47 tó kù, ẹgbẹ́ tó lágbára jù lọ máa lọ sílé. Ní 1983, Houston ti Olajuwon ti borí lẹ́ẹ̀mẹrìndínlọ́gbọ̀n léraléra kó tó pàdé North Carolina State ní àṣekágbá. North Carolina State borí ní 54 sí 52, pẹ̀lú bọ́ọ̀lù tí Lorenzo Charles rọ́ sáwọ̀n bí àkókò ṣe ń tán lọ. Ní 2018, UMBC tó wà nípò 16, ìyẹn ipò ìkẹyìn ní agbègbè rẹ̀, fi 74 sí 54 na Virginia tó wà nípò kìíní, ohun tí kò tíì ṣẹlẹ̀ rí nínú ìdíje ọkùnrin títí di ọjọ́ yẹn. Ẹnikẹ́ni kò tọwọ́ bọ̀ ọ́. Líìgì tí irú rẹ̀ kì í ṣẹlẹ̀ gan-an ló yẹ ká fura sí.

Síbẹ̀, kí alákòóso má fojú kéré ẹ̀sùn. Agbẹ́jọ́ ẹnìkan dá, àgbà òṣìkà ni. Kó gbọ́ tẹnu méjèèjì, kó ṣí ẹ̀dà fáìlì fún igbákejì, kó sì kọ ìdájọ́ síta pẹ̀lú ìdí rẹ̀. Bó bá jẹ́ òun ni wọ́n fẹ̀sùn kàn, kóòṣì mẹ́ta tí ọ̀rọ̀ náà kò kàn ni kó dájọ́.

Kí líìgì tó lè dàgbà

Ẹni tó fẹ́ bẹ̀rẹ̀ kó má fi yunifásítì 350 bẹ̀rẹ̀. Kọ́ńfáráǹsì kan tó ní kóòṣì 12 tí wọ́n ń fi fáìlì ránṣẹ́ lásìkò dára ju 60 tí ìdajì wọn ti sùn lọ. Kóòṣì tuntun ni kó gba ilé ẹ̀kọ́ kékeré. Bí sáà bá parí, kí ilé ẹ̀kọ́ ńlá tó ṣófo jẹ́ ti ẹni tó ti fi iṣẹ́ rẹ̀ hàn. Àkàbà yìí ló ń fún ẹni tí kò lè gba ife ní ìdí láti dúró. Ẹni tó bá pa ọ̀sẹ̀ méjì jẹ láìsọ ìdí, kí wọ́n kìlọ̀ fún un. Bó bá di mẹ́ta, kí ẹlòmíràn gba àyè rẹ̀. Kí wọ́n tọ́jú àkọsílẹ̀ gbogbo sáà, ẹni tó gba ife, ẹni tó ju bọ́ọ̀lù wọlé jù lọ, ọmọ kékeré tó di ìràwọ̀, nítorí pé ìtàn ló ń sọ orúkọ inú kọ̀ǹpútà di ohun tí èèyàn ń fọkàn fẹ́. Kí fáìlì náà má sì wà lọ́wọ́ ẹnìkan ṣoṣo láé. Alákòóso lè ṣàìsàn, iṣẹ́ lè gbà á lákòókò, kọ̀ǹpútà rẹ̀ lè bàjẹ́.

Gbogbo èyí jẹ́ wàhálà tí kò mówó wọlé. Àmọ́ kóòṣì tó bá fìdí rẹmi lónìí, tó sì mọ̀ dájú pé wọn ò rẹ́ òun jẹ, á ṣí fáìlì tuntun lọ́la, á tún ẹgbẹ́ rẹ̀ tò, á sì fi í ránṣẹ́ kí gbèdéke tó kọjá. Nígbà tí àwọn kóòṣì bá ń ṣe bẹ́ẹ̀ lọ́sọ̀ọ̀sẹ̀ láìsí ẹni tó ń bẹ̀ wọ́n, líìgì ti dúró nìyẹn.